"8 GB" Tí Mo Fi Máákà Kọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi mí léèrè ìdí tí mo fi fi máákà dúdú kọ "8 GB" sí ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù mi. Gbogbo ẹni tó ń wá tẹ̀wé ní ìsọ̀ mi ní Lágéré ló mọ̀ pé RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 4 GB péré ló ní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, mo fi àṣẹ Linux tó ń jẹ́ fallocate ya fáìlì 4 GB sọ́tọ̀ lórí díìsìkì láti fi ṣe swap, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń yá lò nígbà tí RAM bá kún; mo fi mkswap ṣètò rẹ̀, mo fi swapon tan án, mo sì gbé orí sókè bí ẹni tó jẹ oyè. Mẹ́rin àti mẹ́rin, mẹ́jọ ni. Mo tún dín swappiness, ìwọ̀n bí Linux ṣe ń yára sá sí swap, kù láti 60 sí 10, èyí ni mo sì rántí kọ sínú /etc/sysctl.conf kí ó lè wà títí ayé.

Swap fúnra rẹ̀ ni n kò kọ sínú /etc/fstab, fáìlì tí Linux ń kà kí ó lè tan swap nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá tàn.

Bátìrì mi ti kú tipẹ́. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, swap bá iná lọ; iná dé ní àárọ̀, swap kò bá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọ́nnu, bí ọkùnrin tó ń ṣòfin fún ìyàwó tí kò tíì fẹ́.

Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá olójú-ewé 112 wá, tí àwòrán kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ni ojú mi já a. Láptọ́ọ̀pù dákẹ́, kernel, ọkàn Linux, wá ẹni tó ń jẹ àyè jù lọ, ó sì pa LibreOffice tí a fi ṣí iṣẹ́ náà lójú wa. Ọmọbìnrin náà rọra yí láptọ́ọ̀pù padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mẹ́jọ náà nìyí?"

Mo tẹ free -h, àṣẹ tó ń fi àyè RAM àti swap hàn. Ní iwájú Swap, òdo mẹ́ta tò bí ẹyin adìyẹ.

Ọmọ iṣẹ́ mi wá sọ̀rọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: "Ọ̀gá, mo ti rí i láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni." Láti ọjọ́ Ajé! Ọmọ tó máa ń pariwo bí àkàrà òdìkejì títì bá ti jáde nínú epo ni kò lè pariwo òdo mẹ́ta. Àṣé ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tí mo bá ń fi ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù han oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rín ìyìn.

Kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ fi nu ibẹ̀ ní alẹ́. Ìgbà tí máákà kọ̀ tí kò pa rẹ́ ni mo tó lọ kọ ìlà náà sínú fstab.