Fíìmù wo lèèyàn ò gbọ́dọ̀ má wò? Ohun tí ọdún 2022 kọ́ mi

Tó bá ti ku díẹ̀ kí ọdún parí báyìí, àwọn èèyàn mi á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà á pè, àwọn àbúrò mi ní Mọ́kọ́lá á fi voice note ránṣẹ́, àǹtí kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á dá mi dúró lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ìwọ tó o máa ń wo fíìmù, jọ̀ọ́ mú èyí téèyàn ò gbọ́dọ̀ má wò nínú ọdún yìí fún wa, má kó ogójì wá o, márùn-ún péré. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ló mọ̀ pé ìjà ń bẹ níbẹ̀, torí tó o bá yọ fíìmù tẹ́nì kan fẹ́ràn kúrò, àfi bíi pé o bú ìyá ẹ̀.

Ọdún 2022 ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká jọ rántí ẹ̀. Oṣù kẹrin, Agẹṣinkólé tí Femi Adebayo gbé jáde wọ sinimá. Ọjọ́ tí oṣù kẹsàn-án parí, Aníkúlápó ti Kunle Afolayan bọ́ sórí Netflix. Oṣù kọkànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, Ẹlẹ́ṣin Ọba náà dé. Fíìmù ńlá mẹ́ta, ààfin, ìlù, aṣọ òkè, èdè Yorùbá lẹ́nu gbogbo wọn, láàárín oṣù méje péré! Brotherhood tún wà níbẹ̀, The Woman King tó ti Amẹ́ríkà wá náà wà níbẹ̀, Funke Akindele wá fi Battle on Buka Street dé e lórí ní December. Èwo lo fẹ́ mú, èwo lo fẹ́ fi sílẹ̀?

Kódà àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́ ò rí i ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń mú fíìmù tí Nàìjíríà máa fi ránṣẹ́ síbi Oscar jókòó lọ́dún yẹn, àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ yìí gan-an ló kù níwájú wọn, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dìbò, mẹ́jọ nínú wọn ní kò sí èyí tó tó lọ rárá. Márùn-ún mú Aníkúlápó, àwọn méjì yòókù rí ìbò kọ̀ọ̀kan. Ariwo ta gan-an, àwọn kan tiẹ̀ fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Èmi ò bínú tó bí àwọn tó kù ṣe bínú, torí ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ojú àwọn adájọ́ tó wà lókè òkun ni wọ́n ń wò, àwa ń wo ojú ẹni tó máa jókòó sílé ní Ìbàdàn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tó sì ní wákàtí méjì péré kí wọ́n tó múná lọ. Tẹ́ ò bá kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ dáhùn, gbogbo fíìmù lá máa jọra lójú yín.

Ìbéèrè tèmi rèé: ẹni tí ò bá wo fíìmù yìí, kí ló pàdánù tí òmíràn nínú fíìmù ọdún yẹn ò lè fún un? Mi ò bi ara mi pé ṣé ó dáa, torí fíìmù tó dáa pọ̀ nílẹ̀. Mi ò sì ka owó tó pa sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Agẹṣinkólé pa owó tó ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ ní sinimá, owó kàn ń sọ fún wa pé èèyàn lọ ni, kò sọ ohun tí wọ́n bá bọ̀ nílé.

Agẹṣinkólé yẹn, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ìlú kan wà tó ń rọ̀ ṣọ̀mù, olè burúkú kan wá sọ ọ́ di ibi tí wọn ò ti lè sùn, ó di pé ọdẹ jáde sí i, àwọn àgbà jáde sí i, gbogbo ẹni tó gbójú lé agbára jáde sí i. Tẹ́ ẹ bá sọ ìtàn ẹ̀ báyìí, ẹ lè ní ṣebí a ti wo irú ẹ̀ rí láyé àwọn fídíò kásẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo wò ó ní sinimá tó wà ní Ventura ní Sàmọ́ńdà, bàbá kan jókòó níwájú mi, ó ti bọ́ bàtà méjèèjì sílẹ̀ bíi pé pálọ̀ ẹ̀ ló wà, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ lójú fíìmù, bàbá yìí á ti máa mi orí, ẹnu ẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́, á bá wọn parí ẹ̀ kí ẹni tó ń ṣeré tó parí ẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín ẹ̀, nígbà tó yá àwọn náà ń sọ "àṣẹ" tẹ̀ lé e. Ohun tẹ́ni tí ò wò ó pàdánù nìyẹn, kì í ṣe olè yẹn rárá, bí èrò ṣe ń dáhùn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sínú márùn-ún, mo wá kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé: ẹ má dá nìkan wò ó, ẹ má sì wò ó lórí fóònù.

Aníkúlápó ni gbogbo èèyàn rò pé ó máa rọrùn jù láti mú, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó dáa jù níbi AMVCA, ayẹyẹ tí wọ́n ti ń fún àwọn fíìmù Áfíríkà lẹ́bùn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó wọ márùn-ún tèmi náà, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ kọ́ ló gbé e wọbẹ̀. Tèmi ni pé Igbójàyè ní Òkè-Ògùn ni Kunle Afolayan kọ́ abúlé tí wọ́n ti yà á sí, ilé amọ̀, ilẹ̀ pupa, ìpínlẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn kọjá rí á mọ ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó sọ fún un. Sàró tí Kunle Remi ṣe, aṣọ òkè ló ń hun, ìyá mi sì jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Ẹ wòye bó ṣe rí. Màámi gbé àga sún mọ́ tẹlifíṣàn, wọn ò wo ààfin, wọn ò wo olorì, òfì ni wọ́n ń wò. Bí Arólákẹ́, olorì inú fíìmù náà, ṣe wá gba Sàró lọ́kàn báyìí, màámi pòṣé, wọ́n ní "ọmọ yìí ò lè hun aṣọ yẹn tán mọ́ láyé." Wọ́n sì jàre!

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ó gùn jù. Ó ju wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú lọ, ibì kan wà láàárín níbẹ̀ tí mo dìde lọ bomi mu tí mo padà wá tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ àkàlà yẹn, àti ohun tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ bọ́ sí Sàró lọ́wọ́, àti bí agbára jíjí òkú ṣe gun ọmọ náà lórí, kò sí fíìmù míì lọ́dún yẹn tó fún mi nírú àlọ́ àwọn àgbà báyẹn pẹ̀lú ojú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, ó dúró.

Èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ jù ni Ẹlẹ́ṣin Ọba. Eré ìtàgé Wole Soyinka tó jáde ní 1975 ni wọ́n gbé e ka, òyìnbó sì ni Soyinka fi kọ ọ́, ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà láyé òyìnbó, tó yẹ kí Ẹlẹ́ṣin bá ọba lọ, tí ajẹ́lẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Duro Ladipo náà ti fi ìtàn yẹn ṣe Ọba Wàjà ṣáájú. Biyi Bandele tó darí fíìmù yìí kú ní oṣù kẹjọ 2022, kò dúró wo bí ayé ṣe gbà á, ó dùn mí gan-an. Àwọn àbúrò mi ò wò ó parí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìṣòro kejì ni pé Odunlade Adekola ni Ẹlẹ́ṣin, ojú ọkùnrin yìí ti wà lórí sítíkà WhatsApp gbogbo wa, tó bá ti yọ báyìí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ fún un ní ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá fún un á rí i pé ẹ̀rín yẹn gan-an ló wúlò, torí ọkùnrin tó fẹ́ràn ayé ju ojúṣe ẹ̀ lọ ló ń ṣe, onígbádùn ni, o ò lè kórìíra ẹ̀. Ìgbà tí Shaffy Bello tó ṣe Ìyálọ́jà bá wá ń bá a sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, ẹ wò ó dáadáa, ẹ má fọwọ́ kan fóònù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbi èyí ni pé nínú márùn-ún, ẹ fi ẹyọ kan sí i tí gbogbo ilé ò ní gbádùn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kò ní dùn bíi ti tó kù, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí wọ́n máa wò fún. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún kì í bínú. Ẹni tẹ́ ẹ bá tàn jẹ pé "ó dùn gan-an," kò ní gba fíìmù kankan lọ́wọ́ yín mọ́.

The Woman King wá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì pátápátá. Kì í ṣe fíìmù Yorùbá, Viola Davis ló ṣe olórí ogun àwọn obìnrin Dàhómì, ọdún 1823 ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Àmọ́ ta ni ọ̀tá nínú ẹ̀? Ọ̀yọ́ ni o. Jimmy Odukoya, ọmọ wa, ló ṣe Ọba Adé, òun ni wọ́n ń sá fún. Mo jókòó nínú sinimá nílùú tó jẹ́ pé àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, mo ń wo bí gbogbo èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àwọn bàbá wa. Ara mi ò gbà á lákọ̀ọ́kọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀ sha, Dàhómì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Gezo ọba wọn tó já ara ẹ̀ gbà. Ohun tí fíìmù yẹn fọwọ́ bò díẹ̀ ni pé Dàhómì fúnra ẹ̀ ta ẹrú púpọ̀, àwọn ará Abẹ́òkúta náà ò ní gbàgbé ogun tí wọ́n gbé wá bá wọn ní 1851. Gbogbo fíìmù Yorùbá ọdún yẹn, àwa la ni ààfin, àwa la ni ìtàn. Ẹyọ kan yìí ló fi wá hàn bí aládùúgbò ṣe ń rí wa. Ẹni tí ò wò ó, kò sí ibi tó ti máa rí ìyẹn lọ́dún yẹn. Ó wọlé láìjanpata.

Ó wá ku ààyè kan. Ibí ni wàhálà December wà. Battle on Buka Street jáde ní àárín December 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn wò ó ní January, ìgbà yẹn ló sì tó kọjá Ọmọ Ghetto: The Saga tó jẹ́ pé òun ló pa owó jù nínú fíìmù Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ọdún wo ló ni ín? Èmi ti fi òfin kan lélẹ̀ tí mi ò yẹ̀ mọ́: ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ sinimá tàbí orí Netflix ni mò ń kà, mi ò sì ń ti ìwé mi títí January á fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi á máa pariwo pé òun fẹ́ ẹ kí Kérésì tó dé, màá ní ẹ ṣe sùúrù. Àwọn tó ń mú fíìmù ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ December, wọ́n ń yọ àwọn tí ìdílé máa ń wò pọ̀ jù nínú ọdún kúrò láìmọ̀.

Àwọn ọmọ bàbá kan náà ni Funke Akindele àti Mercy Johnson ṣe nínú ẹ̀, tí wọ́n dá búkà sílẹ̀ dojú kọ ara wọn, ìjà ilé olórogún tó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ní ìlú àmàlà níbí, kí lèèyàn tún fẹ́ wò? Kò jinlẹ̀, ó sì ń pariwo, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo rí tí ìyá mi, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ àbúrò mi jọ wò láìsẹ́ni tó dìde. Mo fi í sí ìkarùn-ún.

Ìyẹn ló ti Brotherhood síta, àbúrò mi ọkùnrin sì ti ń bá mi ṣọ̀tá látìgbà yẹn. Ó dáa o, mi ò ní ò dáa, Tobi Bakre gba àmì ẹ̀yẹ lórí ẹ̀, eré sísá àti ìbọn ẹ̀ mọ́ lójú ju ti ọ̀pọ̀ fíìmù wa lọ. Ṣùgbọ́n ìbejì tí ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá, tí èkejì jẹ́ adigunjalè, èèyàn lè rí ẹ̀jẹ̀ yẹn níbòmíràn. Ohun tó máa ń le jù nìyẹn, kéèyàn yọ fíìmù tó dáa kúrò láìsí pé ó ṣẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kékeré tó kù: ẹ má ka ti ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó mú tiyín, torí tẹ́ ẹ bá ti kà á, ojú onítọ̀hún lẹ máa fi wo gbogbo ẹ̀. Alẹ́ tẹ́ ẹ bá wò ó ni kẹ́ ẹ kọ ìlà kan sílẹ̀, kó tó di àárọ̀ tí ariwo àwọn èèyàn máa pa tiyín rẹ́. Tó bá jẹ́ fíìmù Yorùbá, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ pa ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè dá dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ bó ṣe gùn tó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè rí i, àti ẹni tó yẹ kí wọ́n jọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà ò bi mí pé kí ló wà nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba rí, ohun tó bi mí ni pé ṣé òun lè wò ó ní alẹ́ Sunday tí iṣẹ́ wà lọ́jọ́ kejì. Mo ní rárá o, ẹ fi di Saturday.