Kọfí ẹ̀yìnkùlé mi: òjò, ọyẹ́ àti èbu funfun

Oṣù Kejì. Igi kọfí 11 ni mo ní lẹ́yìnkùlé wa nítòsí Kàbà, rọ̀bọ́sítà ni gbogbo wọn. N kì í tà á, ìtọ́jú wọn gan-an ló ń dùn mọ́ mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ka èso 100 lórí igi kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ iye tí kòkòrò ti lu. Hypothenemus hampei ni wọ́n ń pè é, kò gùn tó mìlímítà 2. Abo rẹ̀ ló máa ń gba ìdodo èso wọlé, tí á jẹ dé inú hóró, tí á sì yé síbẹ̀. Tó bá ti wọlé, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a mọ́. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni mo gbójú lé: èbu funfun tó ń pa á, èèrà àti agbọ́n kékeré.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Mo la èso dúdú kan tó gbẹ mọ́ ẹ̀ka: kòkòrò lé ní 30 ń rìn nínú rẹ̀, ara gbogbo wọn le. Kò sí èbu kankan.

Oṣù Kẹta. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn kòkòrò náà ti ń jáde. Ọ̀rinrin ni wọ́n ti ń dúró dè látìgbà yìí. Ó dùn mí pé n kò ká àwọn èso gbígbẹ yẹn tán kí òjò tó dé.

Oṣù Keje. Inú mi dùn lónìí! Èbu funfun bíi òwú wà lẹ́nu ihò èso, abo kòkòrò sì ti kú mọ́ ẹnu ọ̀nà, ìdí rẹ̀ ṣì wà níta. Beauveria bassiana ni orúkọ èbu náà. Ara kòkòrò ló ń gbà wọlé, ọ̀rinrin ló sì ń gbé e ró. Lábẹ́ igi obì, mo rí mẹ́sàn-án. Lórí àwọn igi tó wà ní gbangba lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kan péré. Oòrùn tó ń ràn tààrà máa ń pa irúgbìn èbu náà.

Àwọn èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ ti gba igi mẹ́ta. Tí òjò bá ń rọ̀, inú ilé ewé wọn ni wọ́n ń wà. Tí oòrùn bá yọ, wọ́n á bo gbogbo ẹ̀ka, apá mi sì mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kẹjọ. Òjò dá fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò rí èbu tuntun kankan. Mo ń ronú nípa Phymastichus coffea, agbọ́n kékeré tí wọ́n rí ní Tógò, tí wọ́n sì fún lórúkọ ní 1990. Inú ara abo kòkòrò tó ń lu èso lọ́wọ́ ló máa ń yé sí. Tó bá ti dàgbà, bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ń lò láyé. Lójú tèmi, ìjì òjò ọjọ́ méjì lè gba gbogbo àkókò tó ní. N kò tíì rí i níhìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń wá a.

Oṣù Kẹsàn-án. Mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi gbangba, kí wọ́n lè ní ibòòji. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ti pẹ́ nídìí kọfí kìlọ̀ fún mi pé ibòòji tó bá nípọn jù, kòkòrò náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà mo gbin àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà jìnnà síra, mo sì fi igi méjì sílẹ̀ sínú oòrùn. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dé, èmi yóò ka èbu lórí ìhà méjèèjì.