Ẹ béèrè ohun tó wà nínú àwo kí ẹ tó fi búrẹ́dì bù ú

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ ilé oúnjẹ kékeré kan tí wọ́n ti ń se oúnjẹ àwọn ará etí Òkun Mẹditaréníà. Ebi ń pa wá gidi. Kí a tó jókòó dáadáa ni wọ́n ti gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná wá, pẹ̀lú àwo hummus kan tí wọ́n da òróró ólífì sí láàárín. Ọ̀rẹ́ mi fi búrẹ́dì bù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dùn. Kò pẹ́ rárá tí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Yànmọ̀tí lèèwọ̀ ara rẹ̀. Ó ti mọ̀ láti kékeré, kì í sì í fẹnu kan ohunkóhun tó bá rí hóró rẹ̀ lára. Ẹ̀wà chickpea la rò pé hummus jẹ́. Ẹ̀wà náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tahini, ìyẹn yànmọ̀tí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná títí ó fi ń ṣàn bí oyin, pẹ̀lú aáyù àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Kò sí hóró kankan tí ojú lè rí. Ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tó máa ń gbé sínú àpò rẹ̀ nítorí èèwọ̀ yìí, òun ló gún sí itan kí a tó sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, torí pé irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí lè padà dé nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ bá tán.

Àwa kò béèrè, àwọn náà kò sọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ibi tí yànmọ̀tí máa ń fara pamọ́ sí nínú oúnjẹ yìí. Tahini máa ń wà nínú baba ghanoush, ìyẹn ìgbá tí wọ́n sun lórí iná tí wọ́n sì tẹ̀ fọ́. Òun ló sábà máa ń wà nínú ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń dà sórí falafel, ìyẹn àkàrà ẹ̀wà chickpea. Hóró yànmọ̀tí máa ń wà nínú za'atar, ìyẹn àpòpọ̀ ewé gbígbẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n ń wọ́n sórí búrẹ́dì, tahini ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe halva, ìpanu aládùn kan. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kọ yànmọ̀tí sára oúnjẹ inú páálí tó bá ní in. Àwo tí wọ́n gbé síwájú yín nílé oúnjẹ kò ní àkọlé lára.

Nítorí náà, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má kàn bi ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé ṣé kò sí wàhálà. Ẹni tí iṣẹ́ ń lé yóò dáhùn pé kò sí. Ẹ sọ pé yànmọ̀tí, kí ẹ tún sọ pé tahini, torí ẹlòmíràn kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bi ẹni tó ń dáná gan-an. Bí ẹ bá lè dé kí èrò ọ̀sán tó kún, yóò ráyè dá yín lóhùn dáadáa.

Ohun tó tún le ni bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Àwo kéékèèké, meze, ni wọ́n ń tò sórí tábìlì, gbogbo ọwọ́ á sì máa lọ síbẹ̀. Búrẹ́dì tí mo fi bu hummus ni mo tún máa fi kan yúgọ́ọ̀tì tí ọ̀rẹ́ mi ń jẹ. Èyí kò wá sí mi lọ́kàn rí, ó sì bà mí lẹ́rù nígbà tó wá. Ní báyìí, bí èmi àti rẹ̀ bá jọ jókòó, tahini kì í dé orí tábìlì wa rárá. Mi ò lè ní kó lọ dá jókòó. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ̀nà ìjẹun Sípéènì, Gíríìsì, Ítálì àti Mòrókò sínú ìwé ogún àṣà aráyé lọ́dún 2010, jíjẹun pọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká tún lọ. A dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Alásè jáde sí wa, ó gbé ike tahini rẹ̀ wá kí a rí i, ó ka àwo tó ń fi í sí fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi dá wa lójú pé kò sí nínú búrẹ́dì rẹ̀. A jẹ tabbouleh, sàláàdì tí ewé pọ̀ ju àlìkámà lọ nínú rẹ̀ (bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn), wàràkàṣì feta, ólífì, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé àjàrà wé, àti ẹja sísun tí wọ́n fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ na búrẹ́dì sí tzatziki, ìyẹn yúgọ́ọ̀tì tí wọ́n pò mọ́ kùkúḿbà. Ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó wò mí. Nígbà tí kọfí fi máa dé, ó ti fi búrẹ́dì nu àwo náà mọ́ tónítóní.