Fẹ́ńdà Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Àtijọ́ Kan ní Sacramento

Òjò ti dá kí a tó jáde. Ilẹ̀ ló ṣì tutù. Oṣù Kejì ọdún ni, ní Sacramento ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, tí gbogbo ilẹ̀ sì máa ń gbẹ táútáú nígbà ooru. Ìyàwó mi jókòó sí ọ̀tún mi nínú ọkọ̀ tí mo fi oṣù 14 tò pọ̀. A kò tí ì rìn tó máìlì 3 tí omi ẹrẹ̀ fi bo ojú wa, òkúta wẹ́wẹ́ kan sì bà mí létí òsì. Nígbà tí a padà délé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ yín dára, mo rí i pé ẹ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá bo táyà yẹn, èmi ò wọ̀ ọ́ mọ́.”

Ford Model A ọdún 1930 ni ọkọ̀ náà. Oṣù Kejìlá 1927 ni Ford gbé irú rẹ̀ jáde lẹ́yìn Model T, wọ́n sì ṣe ju mílíọ̀nù 4 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Tèmi kò ní ara tí ó bá jáde ní ilé iṣẹ́ mọ́. Ó ti di ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní speedster: kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, àga 2 péré tó lọ sílẹ̀, táńkì epo rìbìtì lẹ́yìn àga, bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn níwájú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Olówó ló ń ra ọkọ̀ eré bíi Mercer Raceabout tàbí Stutz Bearcat nígbà náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o á wá Model T àlòkù, á tú ara rẹ̀ kúrò, á gbé ara fífúyẹ́ lé ṣáṣíìsì, ìyẹn egungun irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, á máa sáré kiri. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe Model A náà bẹ́ẹ̀. Agbára ẹṣin 40 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ti fúyẹ́, 40 yẹn tó gbọ́ bùkátà.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní àdúgbò wa ni mo ti rí i. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ọ̀sán ni mo ń sùn, nítorí náà ọdún 3 àkọ́kọ́ tí a dé òpópónà yẹn, mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo máa ń kí wọn, wọ́n máa ń juwọ́, ó parí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ìró òòlù láti gáréèjì bàbá yìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò béèrè ohun tí mo wá ṣe, ó kàn na sípánà sí mi pé kí n bá òun di nọ́ọ̀tì kan mú. Ẹni ọdún 79 ni. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ojú sílẹ̀ pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ? “Sir” ni mo ń pè é, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀ báyìí. Nínú ọkàn mi, Bàbá ni. Òun ló ta ṣáṣíìsì, ẹ́ńjìnnì àti páálí 11 tó kún fún àjákù irin fún mi.

Bàbá kò fẹ́ fẹ́ńdà, ìyẹn irin tó ń bo orí táyà, rárá. Lójú rẹ̀, táyà ìhòòhò ni ẹwà hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún tò kí ó lè sáré, ìtàn sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní gúúsù California, àwọn adágún gbígbẹ wà nínú aṣálẹ̀, bíi Muroc àti El Mirage, tí ilẹ̀ wọn tẹ́ bí ojú tábìlì. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń lọ fi ọkọ̀ dánra wò. Ní 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA (Southern California Timing Association) sílẹ̀ láti fi ètò sí eré náà. Wọ́n á wa ọkọ̀ dé ibẹ̀, wọ́n á tú fẹ́ńdà, fìtílà àti gíláàsì iwájú kúrò kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọ́n á sáré. Láti ibẹ̀ ni táyà ìhòòhò ti mọ́ àwọn ènìyàn lára. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n adágún gbígbẹ kò ní omi, kò sì sí ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú àga kejì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sáré. Yàtọ̀ sí èyí, Mercer àti Stutz tí speedster fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe ní fẹ́ńdà tiwọn, ó sì lẹ́wà. Mo sọ èyí fún Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkọ̀ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń gbé ẹrẹ̀ wá sí ojú ẹni, nítorí òun ló pinnu irú fẹ́ńdà tí mo yàn. Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, táyà kò sún níbẹ̀ ní àkókò tó kàn án. Òkè rẹ̀ ló ń sáré ní ìlọ́po méjì eré ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní máìlì 40 ní wákàtí kan, òkè táyà ń lọ síwájú ní 80. Omi tí ó bá dì mọ́ ọn títí dé òkè á fò síwájú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á dá a dúró, àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn á wá fi ojú pàdé rẹ̀. Òkúta náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fẹ́ńdà iwájú tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè táyà gan-an lọ sẹ́yìn kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan fún ojú awakọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá síwájú díẹ̀. Bí ẹ bá dúró lápá òsì ọkọ̀ tí ẹ wo táyà bí ojú aago, láti aago 10 ààbọ̀ títí dé aago 3 ni mo bò.

Òfin náà tún wà. Ẹ̀ka 27600 nínú òfin ọkọ̀ California sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní fẹ́ńdà tàbí ohun mìíràn tí yóò dín omi àti ẹrẹ̀ tí táyà ń tú sẹ́yìn kù. Ó yọ ọkọ̀ àtijọ́ tó fúyẹ́ sílẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe tí wọ́n sì kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1971, tí ìwọ̀n rẹ̀ lófìfo kò tó pọ́n-ùn 1,500. Bàbá ní ó dá òun lójú pé tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. A wà á lọ sí ibi ìwọ̀n gbogboògbò níbi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù. Pọ́n-ùn 1,610. Bàbá wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú àpò, kò sì bá mi jiyàn fẹ́ńdà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tó wà láti yàn nínú rẹ̀ kò pọ̀. Fẹ́ńdà tí Ford fi sí ọkọ̀ náà gan-an gùn, ó sì so pọ̀ mọ́ pátákó ìgbẹ́sẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí ẹ bá sì gbé e lé speedster, ọkọ̀ á tún padà di Ford tí gbogbo ayé mọ̀. Irú ti Mercer, tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì rọra tẹ̀ bí apá ẹyẹ, ló wù mí jù lójú. Ara ṣáṣíìsì ló ń dúró lé, táyà á máa yí lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí táyà má baà fi ẹ̀gbẹ́ yọ nígbà tí a bá kọ́nà. Lára ọkọ̀ tí ara rẹ̀ tín-ín-rín bíi tèmi, fífẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Èyí tó kù ni fẹ́ńdà kékeré bíi mọ́gáàdì alùpùpù, tó gbá táyà mọ́ra tó sì ń bá a yí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí a bá kọ́nà. Àwọn ará àtijọ́ máa ń gé e láti ara fẹ́ńdà alùpùpù, tàbí láti ara irin tí wọ́n fi ń bo táyà àfikún. Nítorí pé ó ń bá táyà yí, kò nílò kí ó fẹ̀, àlàfo rẹ̀ sì lè kéré. Òun ni mo mú.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo rà kí n tó wọ̀n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí fẹ́ńdà kẹ̀kẹ́ ẹrù, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tó ń tà á ní yóò bá Model A mu. Dọ́là 160 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó dé, ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti táyà tó kéré sí tèmi, ó sì fẹ̀ tó íǹṣì 9. Ó ń kan táyà níwájú àti lẹ́yìn, ó wá ṣí sílẹ̀ gbàgà láàárín. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó mú chọ́ọ̀kì, ó kọ ìṣirò sára ilẹ̀ gáréèjì. Táyà mi jẹ́ 4.75-19: ríìmù íǹṣì 19, táyà íǹṣì 4.75 lókè, 4.75 nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28.5. Ìdajì rẹ̀ láti àárín họ́ọ̀bù jẹ́ 14.25. Mo ra páànù tí wọ́n ti tẹ̀ sí íǹṣì 16, tó fẹ̀ ní íǹṣì 7, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 18 géèjì. Ìyẹn fún mi ní àlàfo íǹṣì 1.75 yípo táyà.

Ojú ènìyàn kì í gbójú fo àlàfo tí kò dọ́gba. Bí ó bá fi ìdá mẹ́rin íǹṣì yàtọ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ á ṣì mọ̀ pé nǹkan kan wọ́. Ọgbọ́n tí Bàbá kọ́ mi fún èyí rọrùn. A gé rọ́bà omi tó nípọn, a fi àwẹ́ igi pẹlẹbẹ sí i títí ó fi di íǹṣì 1.75, a wé e mọ́ orí táyà, a fi téèpù dè é. A wá gbé fẹ́ńdà lé orí rọ́bà náà. Ó jókòó fúnra rẹ̀ síbi tó yẹ. Ìgbà yẹn ni a tó ṣe ọ̀pá tí yóò gbé e, a fi páálí ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ kí a tó gé irin. Nígbà tí a ti de ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ṣinṣin, a tú rọ́bà kúrò, àlàfo sì dúró bó ṣe yẹ.

Model A ní bíréèkì níwájú, èyí tí Model T kò ní, nítorí náà ibi ìdè wà: bóòtù 4 tó di páànù ẹ̀yìn bíréèkì mọ́ sípíńdù, irin tí táyà iwájú ń yí lé. A fi bóòtù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò wọn, a sì fi ọ̀pá náà sí abẹ́ wọn. Bàbá ní kí n yí sítíárì tán pátápátá sí ọ̀tún, kí n tún yí i tán sí òsì. Ní apá òsì, ọ̀pá fẹ́ńdà lọ forí sọ ọ̀pá sítíárì. Mo dúpẹ́ pé inú gáréèjì ni a wà. A tú u, a tún un tẹ̀.

Síbẹ̀, kò tíì parí. Mo gba Highway 160, ọ̀nà tó ń bá odò Sacramento lọ sí Walnut Grove. Lẹ́yìn nǹkan bí máìlì 60 lápapọ̀, mo gbọ́ kan-kan-kan lápá òsì. Ọ̀pá náà ti sán níbi tí a ti fi iná jó o pọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi gbé fẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, irin pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín, gbogbo gbígbọ̀n ọ̀nà sì ń bọ̀ tààrà láti ara táyà nítorí pé kò sí sípíríǹgì láàárín wọn. Ọkàn mi bà jẹ́ nígbà tí mo rò ó: bí fẹ́ńdà yẹn bá já, abẹ́ táyà iwájú ni ì bá wọ̀. Mo fi okùn so ó, mo rọra wakọ̀ padà sílé ní máìlì 15. Ẹsẹ̀ 2 ni fẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan ní báyìí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀pá irin ìdajì íǹṣì, irin pẹlẹbẹ sì ní abẹ́ fẹ́ńdà níbi tí bóòtù ti wọlé kí páànù má baà ya. Wáṣà rọ́bà wà láàárín. Gbogbo nọ́ọ̀tì ló ní pín-ìn-nì tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe fi ibí yìí ṣeré.

Ẹ̀yìn kò le tó iwájú. Bàbá fẹ́ kí a so wọ́n mọ́ ásùlù, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, kí wọ́n máa bá táyà lọ bíi ti iwájú, èmi so wọ́n mọ́ ṣáṣíìsì, nítorí mo ti rí ohun tí gbígbọ̀n ń ṣe. Àmọ́ ásùlù á máa gòkè sọ̀ lábẹ́ fẹ́ńdà tí kò sún, nítorí náà mo fi àlàfo íǹṣì 4 sílẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó tó, mo ní kí ìyàwó mi jọ̀ọ́ wá jókòó sí àga kan, Bàbá jókòó sí èkejì, àpò iyanrìn 2 wà lórí táńkì. Àlàfo di 2.75. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ pẹ́ ju bí mo ṣe nílò lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ-ọmọ Bàbá.

Ní ìparí oṣù Kẹta, òjò rọ̀ lálẹ́, ilẹ̀ tutù láàárọ̀. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ti wé gèlè, aṣọ funfun ló wọ̀. A lọ, a bọ̀, máìlì 12. Ó wo iwájú aṣọ rẹ̀ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ apá rẹ̀ wò, ó ní, “Ó ku ọ̀dà.” Dúdú ni Bàbá sọ pé ó yẹ kí fẹ́ńdà jẹ́. Àwọ̀ aró ni ìyàwó mi fẹ́. Mo ti ra èyí tó sún mọ́ aró jù. Ó wà lórí pẹpẹ nínú gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.