Ìwé tí mo fọ̀ mọ́ aṣọ

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, mo máa ń jókòó ka ohun tí mo ṣe àti ohun tí mo pa tì. Èsì ìdánwò mi kò burú. Nínú ìwé méjìlá tí mo ní màá kà, mẹ́rin ni mo kà tán. Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ló wà lọ́kàn mi, ọ̀sẹ̀ ìsinmi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án lọ yọ̀ǹda ara wa ní ibùdó àwọn tí kò rílé gbé.

Èrò mi ni pé màá dúró sẹ́yìn tábìlì, màá máa bu oúnjẹ, màá máa rẹ́rìn-ín. (Mo ti ronú irú fọ́tò tí màá yà pàápàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.) Ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n gbé mi sí. Gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì la gbọ́dọ̀ fọ̀ nítorí ìdun, ká sì fi ooru gbígbóná janjan gbẹ ẹ́, torí ooru ló ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹrù ìfọ̀, síbẹ̀ òun ni kì í tó. Àwọn èèyàn ń kó ẹ̀wù wá tọrẹ, wọn kì í rántí ìbọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi bàtà tútù rìn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni mo ṣe é. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká tú gbogbo àpò wò kí aṣọ tó wọnú ẹ̀rọ. Mo tú ti ṣòkòtò, n kò tú ti jákẹ́ẹ̀tì bàbá kan. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ, nǹkan funfun wẹ́wẹ́ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo aṣọ bí ìyẹ́ adìẹ. Mo ṣa ọ̀kan tó tóbi díẹ̀, mo rí ààbọ̀ òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ni. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo fi ń rò ó bóyá kí n dákẹ́.

Bàbá kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n da èérún ìwé náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń tò ó, bí ẹni pé yóò tún lẹ̀ pọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ló là á yé mi: láìsí ìwé yẹn, kò sí káàdì ìdánimọ̀, láìsí káàdì, àtirí ilé gbà di ogun. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, tí bàbá bá lọ gba òmíràn, àwọn tó ń ṣe ìwé á ní kí wọ́n mú káàdì wá, wọ́n á tún béèrè àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì, lọ́wọ́ ẹni tí kò nílé!

Ìsinmi parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kó ẹrù wọn lọ. Èmi ń padà lọ. Lọ́sẹ̀ tiwa, a pọ̀ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà sí ìgbálẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, òṣìṣẹ́ méjì péré ni mo bá. Èmi àti bàbá wá di èrò orí ìlà: fọ́ọ̀mù, òǹtẹ̀, "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Lórí ìlà kan ni mo ti ń ka nípa Finland lórí fóònù, pé láti 2008, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìnílé níbẹ̀, ìtọ́jú tó kù á wá tẹ̀lé e, àti pé iye aláìnílé wọn ti dín kù gan-an. Mo kà á sétí bàbá. Wọ́n ní, "Àwọn yẹn ò kí ń béèrè ìwé ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di 10 oṣù kẹwàá, Ọjọ́ Àwọn Aláìnílé Lágbàáyé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tún gbé fọ́tò ọ̀sẹ̀ yẹn jáde. N kò sí nínú ìkankan.

Oṣù kọkànlá ni ìwé tuntun dé. Ilé ṣì kù, orúkọ bàbá ti wà lára àwọn tó ń dúró. Wọ́n ti fi ọ̀rá wé ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n so ó kọ́rùn. Wọ́n nà án sí mi kí n rí i. Bí mo ṣe ní kí n gbà á, wọ́n fà á padà.

"Ojú ni kí o fi wò ó."