Ẹ Fi Fídíò Ayẹyẹ Yín Pamọ́ Síbi Tí Kò Sẹ́ni Tó Máa Gbowó Ẹnubodè

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Kúbwà, l'Ábùjá, ayẹyẹ àwa Yorùbá ibẹ̀ ni mo sì ń yà jù. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ máa lo fọ́máàtì (ọ̀nà tí à ń gbà kọ fídíò sínú fáìlì) tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, pàápàá fún fídíò tí ẹ fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rí.

Ìyá ìyàwó kan fi kọ̀ǹpútà wọn ṣí fídíò tí àbúrò wọn fi fóònù yà níbi ìdána. Ohùn ń dún, àwòrán kò jáde. Ìkìlọ̀ kan wá yọ lójú ẹ̀rọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra nǹkan kan. Wọ́n pè mí: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo tún jẹ lówó?”

HEVC ni fídíò náà, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kí fáìlì rẹ̀ lè kéré. Láti 2013 tó ti jáde, oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ló ní ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwíà ni wọ́n ti ń gba owó rẹ̀. Nígbà mìíràn, orí oníbàárà ló ń já lé.

VP9, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn tí Google gbé jáde ní 2013, kò rí bẹ́ẹ̀. AV1 náà kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tí Google, Mozilla, Netflix àtàwọn mìíràn nínú Alliance for Open Media gbé jáde ní 2018. Àwọn tó gbé wọn jáde kì í gba owó ẹ̀tọ́ lórí wọn, ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to inú wọn sì wà ní gbangba. Èyí ló tẹ́ mi lọ́rùn jù: bí sọ́fítíwíà tí à ń lò lónìí bá tilẹ̀ parẹ́, ẹlòmíràn lè ka ìwé yẹn kó ṣe òmíràn.

Ẹ wo ibi tí onílù ti ń lùlù lábẹ́ kánópì. Kánópì kò kúrò lójú kan, àga kò kúrò. Ọwọ́ onílù àti gèlè àwọn tó ń jó ló ń yí padà. Ìfúnpọ̀ fídíò kì í tún ohun tí kò yí padà kọ, ìyàtọ̀ àwòrán kan sí èkejì ló ń kọ sílẹ̀. AV1 mọ iṣẹ́ yìí ju H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ àtijọ́ ti 2003, lọ, débi pé fáìlì rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì láìjẹ́ pé àwòrán bàjẹ́. Ẹni tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí òbí n'Ílọrin mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò padà, ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Mo máa ń yan MKV (irú fáìlì tó ń kó àwòrán àti ohùn pọ̀), AV1 SVT fún àwòrán, Opus fún ohùn, RF (nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dára tó) bí 30. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni àwòrán ń dára sí i, tí fáìlì sì ń tóbi. Ó máa ń pẹ́, nítorí náà òru tí iná bá wà ni mo máa ń fi í sílẹ̀ kó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gbé fídíò ọdún ìbílẹ̀ ìlú rẹ̀ sí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ti ń mú àwòrán àti fídíò, irú fáìlì WebM pẹ̀lú VP9 ni kó yàn, torí wọn kì í gba MP4 níbẹ̀.

Fún WhatsApp àti fóònù àtijọ́, H.264 ni mo ṣì ń fi ránṣẹ́; AV1 máa ń mu bátìrì fóònù tí wọn kò ṣe fún un. Ẹ má sì pa ojúlówó tó ti inú kámẹ́rà wá rẹ́, torí gbogbo ìgbà tí a bá fún fídíò pọ̀ ni nǹkan díẹ̀ ń sọnù nínú rẹ̀.