27 August nínú ìwé Bàámi

Òní ni 27 August, ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991. Àtàárọ̀ ni mo ti ń kí àwọn èèyàn mi kú oríire lórí WhatsApp. Nígbà tó di ọ̀sán mo ní kí n tún àpótí Bàámi tò, ó ti pẹ́ tí Màámi ti ń pariwo ẹ̀ sí mi létí, ni mo bá rí ìwé pélébé kan tí Bàámi máa ń kọ nǹkan sí, èèpo ẹ̀ ti ya, ikán ti jẹ igun ẹ̀ kan.

Ibi tí mo kọ́kọ́ ṣí: "Ìṣẹ́gun, 27/8/85. Ṣọ́jà tún gbàjọba. Bùhárì ti lọ." Ó tán. Ọjọ́ tí ọ̀gá ṣọ́jà kan, Dogonyaro, ka ìkéde lórí rédíò nìyẹn, tí Babangida gorí àlééfà, Ìdíàgbọn tó jẹ́ igbákejì Bùhárì ṣì wà ní Mẹ́kà tó lọ ṣe Hájì. Mo sáré wá 91. "Ìṣẹ́gun, 27/8/91. A TI GBA ÌPÍNLẸ̀! Òṣogbo ni olú ìlú." Bàámi fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà já.

Ọjọ́ kan náà, Ìṣẹ́gun kan náà, ọdún mẹ́fà gééré. Èmi ò rò pé ó ṣèèṣì o, torí Babangida yìí kan náà ló dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí Nàìjíríà fi kúrò ní 21 tó di 30. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe ọjọ́ yìí mi ò rò ó rí pé ọjọ́ tí ṣọ́jà fipá gbàjọba ni ọjọ́ ìbí wa. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Ọ̀ṣun jẹ́ fún Bàámi. Tíṣà ni wọ́n, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, nǹkan tó bá ti kan fáìlì, Ìbàdàn ni. Wọ́n á jí ní aago mẹ́rin ìdájí, Màámi á di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún wọn, wọ́n á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì kan títí dọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á ní àwọn ò rí fáìlì, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí promóṣọ̀n kan ṣoṣo! Ọjọ́ tí wọ́n kéde Ọ̀ṣun, ọjà Ìgbọ̀nà ni Màámi wà, wọ́n ní ṣe ni ariwo sọ níbi tí rédíò wà, wọ́n fi ata sílẹ̀ lórí àtẹ, wọ́n sáré relé, wọ́n bá Bàámi nídọ̀ọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, omi ń bọ́ lójú wọn.

Ayọ̀ tòótọ́ nìyẹn. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kẹ́yìn sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, tí Babangida gbé ìjọba fún Ṣónẹ́kàn: "Ọjọ́bọ̀, 26/8/93. Ó ti lọ. Ọ̀la ni ì bá pé ọdún mẹ́jọ. Ìbò wa dà?"

Mo kà á sókè fún Màámi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n má dá ìwé yẹn padà sínú àpótí mọ́, kí n wá ọ̀rá we é, torí ikán.